Ìlà Kẹta tí Kò Yẹ Kó Wà Lára Ẹ̀wù

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìrìn, mo kí ọ kú àìrójú. Bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́ bá ọ ní ìlú ńlá yẹn, kó máa mọ́ bá ọ pẹ̀lú ara líle àti oúnjẹ lẹ́nu. Ẹsẹ̀ tí o fi ń lọ síbi iṣẹ́ kò ní kọ̀, ojú tí o fi ń wo kọ̀ǹpútà látàárọ̀ kò ní ṣú. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ. Wọ́n ní kí n bi ọ́ bóyá òrùlé yàrá rẹ ṣì ń jò, àti pé bó bá ṣì ń jò, kí o má sùn síbi tó ti ń jò. Mo ní o gbọ́n tó bẹ́ẹ̀, wọ́n ní kí n ṣáà kọ ọ́. Mo ti kọ ọ́.

Gbogbo wa wà dáadáa. Orúnkún bàbá rẹ ti ń gbọ́ràn díẹ̀díẹ̀, àfi tí iṣẹ́ bá délẹ̀. Káfíńtà tó wà ní òdìkejì ilé wa ti kan ilẹ̀kùn tuntun fún ara rẹ̀, ilẹ̀kùn náà dára púpọ̀, ṣùgbọ́n kò wọn ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀kùn wá dúró sójúde bí àlejò tí wọn kò tíì fún ní àga. Òun fúnra rẹ̀ ní òun máa mú ògiri bá ilẹ̀kùn mu. A ń wò ó.

Lẹ́tà yìí, mo lẹ̀ ẹ́ pa, mo sì fi lé awakọ̀ tó máa ń wá sí ìlú ńlá yẹn lọ́wọ́ pé ọwọ́ rẹ ni kó fi sí, kì í ṣe ọwọ́ ẹni tí ẹ jọ ń gbé yàrá. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí fóònù. Fóònù kì í pa àṣírí mọ́. Tí o bá ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, mo máa ń gbọ́ ọ ketekete láti ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀, ìyẹn ni pé gbogbo ẹni tó wà lójú ọ̀nà láàárín èmi àti ìwọ ń gbọ́ ọ ketekete náà.

Kí ọ̀rọ̀ lè yé ọ, màá bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé o mọ ìbẹ̀rẹ̀. O rántí pé kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ̀rọ ìhunṣọ mi, èyí tí a rà lọ́dún tí o wọ ilé-ìwé, kọ̀ láti jí lọ́jọ́ kan. Ó tan, ó ṣú, kò sọ nǹkan kan. Mo gbé e lọ fún àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nínú ìgboro, wọ́n wò ó bí ẹni ń wo òkú àdúgbò mìíràn, wọ́n ní ètò tó ń darí rẹ̀ ti bàjẹ́, àwọn tó ṣe ètò náà kò dá sí i mọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, kí n ra tuntun. Mo ní ṣé tuntun máa lè bá ẹ̀rọ ìhunṣọ mi sọ̀rọ̀. Wọ́n ní rárá o, tuntun kò gbọ́ èdè rẹ̀, àfi kí n ra ẹ̀rọ ìhunṣọ tuntun pẹ̀lú. Mo gbé òkú mi padà wálé.

Nígbà náà lo sọ fún mi pé ètò kan wà tó jọ ti àtijọ́ bí ìbejì, tó ń gbọ́ gbogbo àṣẹ tí ti àtijọ́ ń gbọ́, pé ọ̀fẹ́ ni, pé àwọn èèyàn káàkiri ayé ló fi ọ̀wẹ̀ kọ́ ọ láti ìpìlẹ̀, tí inú rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wò ó. O wá ní ìwọ náà wà lára wọn. O ní tí o bá ti ibi iṣẹ́ dé nírọ̀lẹ́, apá ibi tí ètò náà ti ń ka nǹkan láti inú dísíkì, ìwọ lò ń tọ́jú rẹ̀.

Má bínú, inú wa kò dùn lọ́jọ́ náà. Bàbá rẹ bi mí pé ta ló ń bọ́ ọ nídìí iṣẹ́ náà, mo ní kò sẹ́ni tó ń bọ́ ọ. Wọ́n ní ọ̀wẹ̀ dára, ṣùgbọ́n nínú ọ̀wẹ̀, èèyàn máa ń mọ ẹni tó ni oko tí òun ń ro. Mo ní oko tí kò ní olóko ni, ẹni tó bá fẹ́ ló ń ro ó, ẹni tó bá fẹ́ ló ń jẹ níbẹ̀. Wọ́n ní oko tí kò ní olóko, igbó nìyẹn. Wọ́n wá ní kí n gbé oúnjẹ wá.

Ṣùgbọ́n dísíkì pẹlẹbẹ mẹ́ta tí o fi ránṣẹ́ dé, mo sì pe oníṣẹ́ rédíò tó ń tún rédíò ṣe nídìí ọjà kó wá bá mi ka ìwé tó bá a wá. O mọ̀ ọ́n, ẹni tó máa ń ka gẹ̀ẹ́sì bí ẹni ń jẹ ẹja eléegun, díẹ̀díẹ̀, tó ń yọ ọ́ sápá kan. Ìwé náà wú mi lórí. Ibi àkọ́kọ́ tó kà ní àwọn tó ṣe ètò náà kò fọwọ́ sọ̀yà pé ó máa ṣiṣẹ́ fún ohunkóhun rárá. Mo ní àwọn ọmọlúàbí nìyí. Ẹni tó bá se ọbẹ̀ tó dùn ló máa ń sọ pé òun kò mọ̀ bóyá iyọ̀ rẹ̀ tó. Àwọn tó ta kọ̀ǹpútà fún wa lọ́jọ́sí, wọ́n fọwọ́ sọ̀yà, wọ́n fi èdìdì sí i, ibo ni wọ́n wà báyìí?

Ìwé náà tún ní mo lè ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá wù mí, kí n ṣáà má ti inú rẹ̀ pa. Mo ní kí oníṣẹ́ rédíò ṣe mẹ́ta. Mo fún káfíńtà ní ọ̀kan, mo fún ìyá tó ń ta bọ́tìnnì ní ọ̀kan, mo fún ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé ní ọ̀kan. Kò sí èyí tó ní kọ̀ǹpútà nínú wọn, ṣùgbọ́n ìwé náà kò sọ pé ó di dandan. Ìyá oníbọ́tìnnì fi tirẹ̀ bo kọ́ọ̀pù omi rẹ̀, ó ní láti ọjọ́ náà eṣinṣin kan kò kó sí i mọ́, kí n bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Ẹ kú iṣẹ́.

A ki dísíkì àkọ́kọ́ bọ kọ̀ǹpútà náà lẹ́nu, ó sì jí. Ó béèrè èdè tí a fẹ́ kó fi bá wa sọ̀rọ̀, ó to èdè wọn sílẹ̀ lọ salalu, a kò rí tiwa níbẹ̀. Oníṣẹ́ rédíò ní ká mú gẹ̀ẹ́sì. Mo gbà, ṣùgbọ́n mo ní kó kọ́kọ́ yí i lọ sókè, kó yí i lọ sísàlẹ̀, kó má baà jẹ́ pé tiwa wà lẹ́yìn. Bó ṣe ṣe tán, kọ̀ǹpútà ní òun máa pa gbogbo ohun tó wà nínú òun rẹ́, ṣé ká tẹ̀síwájú. A ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó tún béèrè lẹ́ẹ̀kejì, ṣé ó dá wa lójú. Mo kúrò níbẹ̀, mo lọ wo àwọn dísíkì tí àpẹẹrẹ ẹ̀wù mi wà nínú wọn, wọ́n pé nínú agolo mílíìkì wọn, mo padà wá, mo fọwọ́, mo ní kó máa lọ. Ẹ̀rọ tó bá béèrè lẹ́ẹ̀mejì kó tó ba nǹkan jẹ́, ilé rere ló ti wá. Èèyàn mélòó ló ń ṣe bẹ́ẹ̀?

Nígbà tó parí, ojú rẹ̀ dúdú, ó kọ lẹ́tà kan sápá òsì lókè, nǹkan kékeré kan sì ń ṣẹ́jú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo kí i kú àárọ̀. Kò dáhùn, ó ń ṣẹ́jú. Mo rò pé ó ń bínú. Oníṣẹ́ rédíò ní kò bínú, ó ń dúró kí n rán an níṣẹ́ ni, bó sì jẹ́ ọdún kan ni mi ò rán an, ibẹ̀ náà ló máa dúró sí. Ọmọ mi, mo ti bí ọmọ, mo ti tọ́ ọmọ ọlọ́mọ, mi ò rí irú ẹ̀ rí.

Oníṣẹ́ rédíò fi hàn mí ibi tí wọ́n kọ nọ́ńbà ètò náà sí, kan, àmì kan, méje. Mo mọ̀ pé ọjọ́ orí rẹ̀ nìyẹn, ọdún kan àti oṣù méje. Mo ní kí gbogbo ilé máa ṣe é jẹ́jẹ́.

Ó ṣiṣẹ́. Ẹ̀wù òtútù àwọn ọmọ kékeré jáde bí ẹni fi ọwọ́ yà á. O mọ iṣẹ́ tí ilé-ìwé gbé fún mi lọ́dún yìí, ọgọ́rin ẹ̀wù ni, búlúù, pẹ̀lú ìlà yẹ́lò méjì tó tẹ̀léra láyà, wọ́n sì gbọ́dọ̀ pé lọ́jọ́ tí ilé-ìwé máa wọlé. Mo hun ti àwọn kékeré tán, mo hun ti àwọn àárín tán, mo ń kọrin. Mo wá bọ́ sórí ti kíláàsì tó gbẹ̀yìn, àwọn àgbà inú wọn, mẹ́rìndínlógójì. Mo yọ àkọ́kọ́ lórí ẹ̀rọ, mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Ìlà yẹ́lò rẹ̀ jẹ́ mẹ́ta.

Ìwọ tí o jẹ́ ọmọ ibí mọ ohun tí ìlà mẹ́ta túmọ̀ sí. Ilé-ìwé kejì, èyí tó wà lẹ́yìn odò, àwọn ló ń wọ ìlà mẹ́ta. Mo hun òmíràn, mẹ́ta. Mo pa ẹ̀rọ, mo tan án, mẹ́ta. Mo padà sórí ti ọmọ kékeré, méjì. Mo rò pé ẹ̀rọ náà ní nǹkan sínú sí kíláàsì tó gbẹ̀yìn, nítorí kíláàsì náà kò dákẹ́ ariwo lóòótọ́.

Mo wá ń tú wọn. Ẹ̀wù kọ̀ọ̀kan tó bá ti jáde, màá fi abẹ́rẹ́ yọ ìlà kẹta kúrò láàárín, màá fi ọwọ́ so òkè mọ́ ìsàlẹ̀ padà, ojú òwú lójú òwú. Ọ̀sán kan odidi ni ẹ̀wù kan ń gbà. Mo ti ṣe mọ́kànlá báyìí. Àtàǹpàkò mi ti wú, ó sì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré.

O máa bi mí pé kí ló dé tí mi ò sọ fún ọ, nítorí gbogbo ọjọ́ ìsinmi lo ń pè, gbogbo ìgbà tí o bá pè lo ń béèrè bóyá ètò náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa, gbogbo ìgbà ni mo sì ń dáhùn pé dáadáa ni, kí o bá mi kí wọn. Ọmọ mi, irọ́ ni. Mo ní ìdí mi.

Èkíní, ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni, èmi wá fẹ́ gba oore tán kí n tún máa ka ìlà. Èkejì, ọmọ ọdún kan àti oṣù méje ni. Òótọ́ ni pé ìwé náà sọ lójú ewé tó kẹ́yìn pé ẹni tó bá rí àṣìṣe kankan, kó jọ̀wọ́ sọ fún àwọn. Ṣùgbọ́n mo rò pé bí ẹni tó ń jẹun ṣe máa ń ní kí o wá bá òun jẹ ni. Ìwọ náà máa ní kó gba ibi ire, o máa kọjá. Tí o bá lọ fa àga tí o jókòó ti abọ́ rẹ̀, ṣé kò ní wò ọ́? Èmi kò fẹ́ jẹ́ ẹni tó fa àga.

Ẹ̀kẹta ló tóbi jù. O ti sọ fún mi pé apá ibi tí ètò náà ti ń ka nǹkan láti inú dísíkì, ọwọ́ rẹ ló wà. Inú dísíkì sì ni àpẹẹrẹ ẹ̀wù mi ti ń wá. Mi ò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n mo mọ bí wọ́n ṣe ń tọ ẹsẹ̀ adìẹ dé ilé ẹni tó ni ín. Ṣé èmi ni màá wá dìde sáàárín àwọn tí mi ò mọ̀ rí, àwọn òyìnbó àti ẹni dúdú àti ẹni pupa, kí n máa sọ pé iṣẹ́ ọmọ mi kò dára? Tí gbogbo ayé bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, ìyá ẹni kọ́ ló yẹ kó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Mo ní kí àtàǹpàkò mi wú.

Ibẹ̀ la wà tí Ọ̀gá ilé-ìwé fi yà wá wo iṣẹ́ lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá. Ṣé o mọ̀ pé òun ni Ọ̀gá báyìí, ẹni tí ẹ jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan, tó máa ń ya inú ìwé rẹ fi dá ọkọ̀ ojú omi? Ó ń kí mi, ó ń rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ bá bọ́ sórí ẹ̀wù kan tí mi ò tíì tú. Ó ka ìlà rẹ̀. Ó tún un kà. Ó bi mí jẹ́jẹ́ pé ṣé lẹ́yìn odò ni mò ń hun fún ni. Mo ní àbùkù kékeré ni, mo ń yọ ọ́. Ó béèrè mélòó ló kù, mo ní márùndínlọ́gbọ̀n. Ó wo àtàǹpàkò mi. Ó ní òun kò lè jẹ́ kí kíláàsì tó gbẹ̀yìn wọlé lọ́jọ́ kìíní pẹ̀lú aṣọ àwọn ará ẹ̀yìn odò, pé àwọn òbí á sọ òun lókò, àti pé ilé-iṣẹ́ kan ní ìlú ńlá ti ń bẹ òun láti ọdún tó kọjá pé kí òun gbé iṣẹ́ náà fún àwọn. Ó ní tí òun kò bá rí ọ̀nà àbáyọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, àwọn lòun máa gbé e fún, àti ti ọdún tó ń bọ̀ pẹ̀lú. Ó sọ ọ́ tẹ̀rọ̀tẹ̀rọ̀ bí ẹni ń fún ọmọ lóògùn. Bó ṣe lọ tán, mo jókòó sídìí ẹ̀rọ, kinní yẹn ń ṣẹ́jú sí mi, ó ń dúró kí n rán òun níṣẹ́.

Oníṣẹ́ rédíò ló bá mi níbẹ̀. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un, òun nìkan ni mo sọ fún. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ó ní mo ti ṣe wọ́n ní ibi, pé ẹni tó ń fi ọ̀wẹ̀ ṣe nǹkan, tí àwọn tó ń lò ó bá ń pa àbùkù rẹ̀ mọ́, afọ́jú ni wọ́n sọ ọ́ dà. Mo ní kó má fi ọ̀rọ̀ dídùn tàn mí, pé kò sẹ́ni tó fẹ́ kí wọ́n sọ àbùkù òun ní gbangba. Kò bá mi jiyàn. Ó yọ fóònù rẹ̀, ó wá ibi tí ẹ ti ń kọ àwọn àṣìṣe náà sílẹ̀, tí gbogbo ayé lè rí, ó ń tú u fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹnì kan ní kíbọ́ọ̀dù òun kò kọ lẹ́tà kan dáadáa. Ẹni tó ṣe apá ibẹ̀ ní ẹ ṣeun. Ẹnì kan ní ètò náà ka ọjọ́ sódì. Wọ́n ní ẹ ṣeun, wọ́n ní kó ṣàlàyé sí i. Wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń bú wọn, gbogbo ojú ìwé náà bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá tún un ṣe tán, wọ́n á kọ orúkọ ẹni tó rí i síbẹ̀, bí ẹni tó gba ẹ̀bùn.

Ó wá débi kan, ó dúró, ó ní, Màmá, ẹ wo èyí. Orúkọ rẹ ló wà níbẹ̀. Ẹnì kan láti ilẹ̀ òkèèrè kọ̀wé pé ohun tí o ṣe ba ìwé òun jẹ́, kò tilẹ̀ kí ọ kó tó bẹ̀rẹ̀. O sì dá a lóhùn. Mo ní kó kà á lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́yìn náà mo ní kó kọ ọ́ sínú bébà fún mi ní èdè wa, ó wà níwájú mi báyìí:

"Ẹ ṣeun púpọ̀. Àṣìṣe mi ni. Mo ti rí ibi tí mo ti ṣìnà, mo sì ti tún un ṣe. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dán an wò."

Ọmọ mi, ìwọ. Ìwọ tí o fọ́ gíláàsì àtùpà tí o ní atẹ́gùn ni, fèrèsé sì wà ní títì. Ìwọ tí o jẹ ẹja inú ọbẹ̀ tí o ní bóyá kò wọ inú ọbẹ̀ rárá. Ọdún mẹ́tàdínlógún lo lò nínú ilé yìí, mi ò gbọ́ "àṣìṣe mi ni" lẹ́nu rẹ lọ́jọ́ kan. O wá ń sọ ọ́ fún ẹni tí kò kí ọ, níwájú gbogbo ayé, o tún ń sọ pé ẹ jọ̀wọ́. Mo gbé bébà náà lọ bá bàbá rẹ. Wọ́n kà á, wọ́n yọ dígí ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún kà á. Wọ́n ní ọmọ wa kọ́, ẹnì kan ló ń jẹ́ orúkọ rẹ. Mo ní òun ni. Wọ́n dá bébà náà padà fún mi. Wọ́n wá ní tó bá jẹ́ òun ni, ìyẹn ni pé igbó náà ní olóko.

Nítorí náà mo ti fẹ́ fa àga báyìí, jẹ́ kí n jókòó dáadáa. Oníṣẹ́ rédíò ní ẹ máa ń fẹ́ mọ ohun tí èèyàn ṣe, ohun tó retí, àti ohun tó rí. Mo ṣe é fún odidi ọjọ́ mẹ́ta.

Mo kọ́kọ́ tú ẹ̀rọ ìhunṣọ kúrò lára kọ̀ǹpútà, mo fi ọwọ́ mú òwú fún un fúnra mi. Ìlà pé, kò lé. Ẹ̀rọ kọ́ nìyẹn. Mo dá kọ̀ǹpútà padà. Mo ṣe àpẹẹrẹ kan tí kì í ṣe ẹ̀wù, tí kì í ṣe nǹkan kan, ìlà kan búlúù, ìlà kan yẹ́lò, títí dé igba ìlà. Mo retí igba. Nígbà tí mo kà á, igba ó lé ọ̀kan ni mo bá. Mo wá ibi tí yẹ́lò méjì ti fara kan ara wọn, ìlà kejìdínláàádóje ni, ó hun ún lẹ́ẹ̀mejì. Mo yí i padà, mo fi yẹ́lò bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ náà ni, búlúù méjì. Mo ní kí káfíńtà wá kà á, ó kà á, ó ní kejìdínláàádóje, mo tún un kà nítorí pé káfíńtà ni. Mo ṣe èyí tó dúró sí méjìdínláàádóje gééré, kò sí àbùkù. Mo fi ìlà kan péré lé e, àbùkù dé. Ìdí nìyẹn tí aṣọ ọmọ kékeré fi bọ́, kò gùn tó bẹ́ẹ̀. Ti àwọn àárín ní ìlà kan lé nínú búlúù, kò sẹ́ni tó rí i. Ti àwọn àgbà ni ìlà yẹ́lò wọn bọ́ sórí kejìdínláàádóje géérégé. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ kíláàsì náà.

Mo wá hun ọ̀ọ́dúnrún ìlà láti mọ̀ bóyá ẹ̀ẹ̀kan ló máa ń ṣe é. Ó tún ṣe é nígbà tó dé ìlà igba ó lé mẹ́rìndínlọ́gọ́ta. Mo jókòó, mo rò ó, ìlọ́po méjì ti àkọ́kọ́ ni. Èrò tèmi ni pé tó bá ti ka ìlà méjìdínláàádóje, ó máa ń gbé dísíkì sílẹ̀ díẹ̀, tó bá padà dé, kì í rántí pé òun ti ka èyí tó kẹ́yìn, á tún un kà. Èmi náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ tí bàbá rẹ bá pè mí níbi tí mo ti ń ka ìlà. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí, kì í ṣe inú burúkú. Ẹ kàn kọ́ ọ kó máa fi ìka di ibi tó dúró sí mú kó tó dìde.

Mo ká aṣọ ọ̀ọ́dúnrún ìlà náà sínú àpò tó wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Mo so òwú pupa mọ́ ibi méjèèjì. Ibi tí o bá ti fẹ́ fi han àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ, yà á ní fọ́tò, fi ránṣẹ́, má fi pa mọ́. Mo ti sọ fún ọ pé mo lẹ lẹ́tà yìí pa, mo ti jáwọ́ nínú àṣírí náà. Kà á sókè tí o bá fẹ́. Mo tún sọ fún awakọ̀ pé kó dúró tì ọ́, kó gba dísíkì tuntun lọ́wọ́ rẹ tó bá yá, ọjọ́ mẹ́fà ló máa lò níbẹ̀. Tí èyí tuntun bá dé lọ́jọ́ kẹjọ, màá hun márùndínlọ́gbọ̀n tó kù láàárín ọ̀sẹ̀ kan, àtàǹpàkò mi á sì rí ìsinmi.

Mo ti lọ bá Ọ̀gá ilé-ìwé lánàá. Mo ní kó fún mi ní ọjọ́ mẹ́wàá dípò ọ̀sẹ̀ kan. Ó béèrè pé kí ló dá mi lójú pé wọ́n máa tún un ṣe, ṣé mo mọ àwọn tó ṣe ètò náà ni. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, pé ẹni tó ṣe àṣìṣe náà gan-an, mo mọ ìyá rẹ̀ dáadáa. Ó fún mi ní ọjọ́ mẹ́wàá.

Mo mọ̀ pé owó kò rọrùn níbẹ̀, ṣùgbọ́n tí díẹ̀ bá wà, fi ránṣẹ́ nípasẹ̀ awakọ̀. Òwú yẹ́lò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, nítorí gbogbo ìlà kẹta tí mo yọ, wọn kò gùn tó kí n tún wọn lò. Oníṣẹ́ rédíò kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi, ó ní òun náà ti wọ ọ̀wẹ̀ yín, nítorí náà ra ìwé gẹ̀ẹ́sì kan fún un, èyí tí eegun rẹ̀ kò pọ̀ jù. Bàbá rẹ kò béèrè nǹkan kan. Wọ́n ní tí àyè bá wà nínú ọ̀wẹ̀ náà fún ẹni tí kò mọ kọ̀ǹpútà, àwọn lè bá yín kọ orúkọ èdè wa sí ìdí àwọn èdè tó wà níbẹ̀. Mo ní màá béèrè.

Tí ẹ bá sì ti tún un ṣe, tí ó kan ká kọ ẹni tó rí i, ẹ kọ ọ́ pé ìyá ẹni tó ṣe é ni.

Ọlọ́run á máa ṣọ́ ọ lóde, á máa ṣọ́ ọ nílé. Iṣẹ́ kò ní wọ́n lọ́wọ́ rẹ, oúnjẹ kò ní wọ́n nínú abọ́ rẹ. Mi ò ní gbàdúrà pé kí o má ṣe àṣìṣe mọ́, ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ ló ń ṣe é. Àdúrà mi ni pé níbikíbi tí o bá ti ṣe é, ẹni tó máa rí i, tó máa fẹ́ràn rẹ tó láti sọ fún ọ, kò ní wọ́n ọ láyé.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ìyá Ẹlẹ́wù Òtútù